Kì í Ṣe Olódo, Etí Ni Kò Gbọ́

Igbá, igba, ìgbà, igbà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí dáadáa. Ẹni tó ń bu omi mọ àkọ́kọ́, ẹni tó ń ka owó mọ èkejì, ẹni tó ń wo aago mọ ẹ̀kẹta, adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ sì mọ ẹ̀kẹrin. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀ síra. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Gbogbo wa la ti kọ́ èyí nínú fonẹ́tíìkì àti fonọ́lọ́jì, a sì ti fi yangàn lójú àwọn tó ń ka ẹ̀kọ́ mìíràn pé èdè olóhùn ni èdè wa.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa ńkọ́? Báwo ni òun yóò ṣe mọ èyí tí tíṣà pè nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí mọ ìdáhùn ìbéèrè náà lára, kì í ṣe nínú ìwé. JSS2 ló wà nígbà náà, ẹ̀yìn pátápátá ló sì ń jókòó. Tíṣà Yorùbá pe àpèkọ, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Ó gba méjì. Ẹgba mẹ́jọ ni wọ́n fi dí èyí tó kù. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gba mẹ́ta, ẹgba sì di méje. Kí táàmù tó parí, gbogbo kíláàsì ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Olódo ni wọ́n ń pè é. Ìyá rẹ̀ àgbà nílé ló kọ́kọ́ fura. Màmá kíyè sí i pé tí àwọn bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn, ṣùgbọ́n tí àwọn bá dúró níwájú rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni yóò jẹ́ wọn. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Etí òsì rẹ̀ tó ti ń ṣọyún láti kékeré ti kú, ọ̀tún náà sì ti ń rọ́jú. Kì í ṣe olódo rárá. Etí ni kò gbọ́.

A kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo là ń bá wí. Lónìí, akẹgbẹ́ wa yìí ń ka Yorùbá bíi tiwa. Nígbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, apá ọ̀tún rẹ̀ ni gbogbo wa jókòó sí kí ó lè gbọ́ wa. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe nínú ẹ̀kọ́ kò sí ní ọ̀nà jíjìn. Inú kíláàsì gbogboogbò ló wà, láti Ìkirè-Ilé títí dé Ìkirè àti Àpòmù, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù bíi ti ẹlòmíràn, ó ń jẹ ẹgba. Àwa tí a ó di olùkọ́ Yorùbá lọ́la ló yẹ kí a kọ́kọ́ dá a mọ̀. Tí a bá wọ kíláàsì tí a kò sì dá a mọ̀, ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti ìjọba nìkan.

Ta ni wọ́n?

Tí ẹ bá dárúkọ àkàndá ẹ̀dá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, afọ́jú tó ń fi ọ̀pá táálẹ̀ tàbí arọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ni yóò wá sí wọn lọ́kàn. Àwọn wọ̀nyẹn wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ọmọ tó ń ṣẹ́jú kó tó lè rí ohun tó wà lára pátákó, tó wá ń da ìwé ẹnìkejì rẹ̀ kọ, tí wọ́n sì ń nà án pé ó ń jí ìwé wò. Ẹ wo akólòlò tó mọ ìdáhùn ju gbogbo kíláàsì lọ, tí kò jẹ́ nawọ́ sókè láéláé nítorí ẹ̀rín. Ẹ wo ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ pé, tó lè pa àlọ́ fún yín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àmọ́ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ ọn lójú bó bá ti ṣí ìwé. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pe ìyẹn. Ẹ wo ọmọ tí wárápá ń gbé, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ bá jókòó. Ẹ wo ọmọ tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, tó jẹ́ pé bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì ni kò ní rí ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò kọ nóòtì dè é. Ẹ wo ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn, tí wọ́n fi kíláàsì rẹ̀ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ní ọdún 2021, àjọ UNICEF gbé ìwádìí jáde pé àwọn ọmọdé tó jẹ́ àkàndá ní gbogbo ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 240 mílíọ̀nù, ìyẹn ọmọ kan nínú mẹ́wàá. Ẹ mú kíláàsì tó ní ọgọ́ta ọmọ, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti jókòó sí. Tí a bá fi ìṣirò yẹn wọ̀n ọ́n, ọmọ mẹ́fà ni. Mẹ́fà! Ẹ padà sínú kíláàsì tiyín ní SS1 lọ́kàn, kí ẹ wá ẹni mẹ́fà náà. Ó dá wa lójú pé ẹ óò rí wọn. Ó sì dá wa lójú pé ẹ óò rántí orúkọ ìnagijẹ tí ẹ fún wọn kí ẹ tó rántí orúkọ wọn gan-an.

Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ ni wọ́n ní kí a má kà á fún o, wọn kò ní kí olùkọ́ má ka àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Olùṣọ́ àgùntàn tí kò ka ẹran rẹ̀ kò lè mọ èyí tó sọnù. Títí di òní, ọmọ tó bá ń wọlé sí JSS1, wọ́n á béèrè bébà ìbí rẹ̀, wọ́n á gba owó yúnífọ́ọ̀mù, wọ́n á wo èsì ìdánwò rẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń bi í bóyá ó ń ríran, bóyá ó ń gbọ́rọ̀?

"Ẹ gbé wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe"

Èyí ni èsì tí a máa ń gbọ́ jù. Ó jọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sì í ṣe ènìyàn burúkú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

A kò bu ẹnu àtẹ́ lu ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe. Àwọn tó dá wọn sílẹ̀ ṣe iṣẹ́ ribiribi. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó sì wá dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn afọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè, Èkó, ní 1962. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní ìlú Ọ̀yọ́ sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro adití pátápátá kì í sì í ṣe ti etí nìkan. Ó nílò ibi tí àwọn mìíràn ti ń sọ èdè ọwọ́ rẹ̀, tí yóò ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, tí kò ní í jẹ́ àlejò lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó jù ú sí àárín ọgọ́ta ọmọ láìsí ògbufọ̀, tó wá ní òun ti gbà á mọ́ra, irọ́ ló ń pa. Ìjókòó lásán kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ tún ka àwọn ọmọ tí a tò sókè yẹn. Èwo nínú wọn ni ẹ fẹ́ gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ afọ́jú? Ṣé èyí tó ń ṣẹ́jú, tó jẹ́ pé awò ojú ló ń fẹ́? Èwo ni ẹ fẹ́ gbé lọ sí ti adití? Ṣé akẹgbẹ́ wa tó jẹ́ pé ìjókòó iwájú ni oògùn rẹ̀? Ta ló dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún akólòlò? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sí ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe kankan tó ń dúró dè wọ́n. Kíláàsì gbogboogbò ni ilé wọn. Tí kíláàsì yẹn bá lé wọn, títì ló kàn, tàbí oko, tàbí ìdí igbá ọjà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo nínú kíláàsì yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ ń gbé ìsọ̀ tì lọ́wọ́ ní ọjà Àpòmù, tó ń ṣẹ́ owó fún oníbàárà láìṣì. Ṣé olódo ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Ní Ìbàdàn nítòsí wa níbí, Ìjokòdó High School àti Methodist Grammar School ní Bódìjà ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́rọ̀ mọ́ àwọn tó ń gbọ́rọ̀. King's College ní Èkó ti gba akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Àjọ WAEC ń ṣe ìwé ìdánwò Braille fún ẹni tó ń fi ìka kàwé. Ní 2017, àjọ JAMB dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ni alága rẹ̀, láti máa bójú tó ìdánwò àwọn afọ́jú tó ń wá ààyè wọ ifáfitì. Tí ẹnubodè ifáfitì bá lè rí wọn, kí ló dé tí kíláàsì JSS1 kò rí wọn? Àbí ọjọ́ ìdánwò ni wọ́n ń di ènìyàn?

Òfin ti wà, ta ló ń kà á?

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò tíì gbúròó rẹ̀. Abala 17 sọ pé àkàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama. Abala 18 sọ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ì báà jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama tàbí ifáfitì, gbọ́dọ̀ gba àwọn àkàndá mọ́ra. Ó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ iṣẹ́ títọ́jú ẹ̀kọ́ wọn, kí ó ní ohun èlò tí wọn yóò máa lò, kí Braille àti èdè ọwọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Òfin náà fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti tún ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe kí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀pá rìn lè wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti oṣù kìíní 2024.

Ẹ̀yin tí ilé-ẹ̀kọ́ girama wà ládùúgbò yín, ẹ lọ síbẹ̀ lọ́la. Ẹ kí pírínsípà dáadáa, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀. Kí ẹ wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ẹni náà tí abala 18 ní kí ó wà níbí?" Kí ẹ wo ojú wọn. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Owó náà ńkọ́? Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yà sọ́tọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ UBE, èyí tó gbé ọmọ dé JSS3, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní kí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá. Ọmọ kan nínú mẹ́wàá, kọ́bọ̀ méjì nínú náírà kan. Ìyẹn gan-an kéré. Ṣùgbọ́n ta ló ti béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé àti ti Ìṣọ̀kan pé kọ́bọ̀ méjì náà ṣe kí ni níbí? Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wo ló ti fi í sí orí àpérò rẹ̀? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn ọmọ tí à ń sọ yìí kò lè pariwo. Àwa tí a lè pariwo ni a dákẹ́.

Ohun tí kò náni lówó

A mọ ohun tí àwọn olùkọ́ yóò sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ ifáfitì, ẹnu lẹ ní. Ọgọ́ta ọmọ, olùkọ́ kan, ṣọ́ọ̀kì kò tó, owó oṣù kò pẹ́ kó tó tán. Ẹ tún ní kí a máa ṣe dókítà?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, a kò sì ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi owó ara wọn ra ìwé fún ọmọ olọ́mọ. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ wọn kọ́kọ́ jẹ́ èyí tí kò ná wọn ní nǹkan kan.

Ẹ mú ọmọ tí kò gbọ́ dáadáa àti èyí tí kò ríran jìnnà wá sí iwájú. Ẹ kọjú sí kíláàsì tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe máa bá pátákó sọ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà ńlá. Ohun tí ẹ bá pè lẹ́nu, ẹ kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fún akólòlò láyè kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, tàbí kí ẹ mú sùúrù títí yóò fi sọ ọ́ tán, kí ẹ sì pa ẹni tó bá rẹ́rìn-ín lẹ́nu mọ́. Ẹ fi ọmọ kan ti ọmọ kejì: èyí tó gbọ́ yóò máa fi nóòtì rẹ̀ han èyí tí kò gbọ́. Ẹ gbé kíláàsì ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìdánwò ọmọ tí ìwé kíkà ń nira fún. Èwo ni ẹ fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba kí ẹ tó lè ṣe nínú gbogbo èyí?

Wọ́n tún máa ń ní àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a bi yín: nígbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù kíláàsì, ta ló ń gbọ́ tíṣà? Gbogbo kíláàsì ló di adití. Tíṣà tó ti mọ̀ ọ́n lára láti kọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sára pátákó nítorí ọmọ kan, òun nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dúró lọ́jọ́ náà. Ohun tí a ṣe fún ọmọ kan, gbogbo ọgọ́ta ló jẹ èrè rẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kò sí ẹni tí kò ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó.

Ẹgba ńkọ́? A kò rí dókítà kankan tó fi ẹgba wo etí sàn. Tíṣà tó na ọmọ nítorí àpèkọ láì kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó gbọ́ ohun tí òun pè, ohun tí Ọlọ́run ṣe sí ọmọ náà lára ló ń nà án fún.

Àwa gan-an, àwa ọmọ Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjú ọ̀rọ̀ sí ara wa, torí bí a bá ń bá ará ilé wí, kí á má fojú fo ti ara ẹni.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ti Yorùbá ló ń béèrè etí àti ojú jù. Ohùn ni ìtumọ̀ wa gbé wà. Àmì kékeré tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn tó wà lórí fáwẹ́lì, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò dá kò lè rí wọn láti ẹ̀yìn kíláàsì láéláé. Nítorí náà, ọmọ tí etí rẹ̀ ń dínkù, kíláàsì Yorùbá ni yóò ti kọ́kọ́ hàn. Ọmọ tó bá ń kọ ọkọ, ọkọ́, ọ̀kọ̀ àti ọkọ̀ bákan náà ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é, àmọ́ tó ń kọ wọ́n re bó bá rí wọn lára pátákó, ọmọ náà ti sọ ohun tó ń ṣe é fún wa. Àwa ni a kò gbọ́. Ìwé àpèkọ kan tó fún ní ìtumọ̀ ju káàdì ilé ìwòsàn lọ, lọ́wọ́ olùkọ́ tó bá mọ ohun tó ń wò. Àwa ni a lè di ẹni àkọ́kọ́ tó máa mọ̀, ẹgba la sì ń fi ṣe ìwádìí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Èdè tí a fẹ́ràn yìí kún fún oríkì, ó sì kún fún èébú. Olódo, dìndìnrìn, ọ̀dẹ̀, etí ikún. Àwọn onímọ̀ ti gbé "àkàndá ẹ̀dá" kalẹ̀ fún wa láti fi rọ́pò "abirùn", ó sì dára. Ṣùgbọ́n orúkọ tuntun kò sún àga ẹnikẹ́ni síwájú. Ọmọ tí ẹ pè ní àkàndá tí ẹ sì tún fi sẹ́yìn kíláàsì, ẹ̀yìn náà ló ṣì wà. Àwọn baba wa tí wọ́n ń sin Ọbàtálá ní orúkọ fún abuké, àfín àti arọ: ẹni òrìṣà ni wọ́n pè wọ́n. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà tó mọ wọ́n ló ń bá jà. A kò ní kí ẹ di abọ̀rìṣà. Ohun tí à ń sọ ni pé àṣà tí a ń kà fún oyè yìí kò kọ́ wa ní ìwà tí a ń hù.

Ohun kan sì kù tó dùn wá. Lọ́dọọdún là ń kọ àpilẹ̀kọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lórí ìjálá, ẹkún ìyàwó, oríkì orílẹ̀. Ó dára, kí a máa kọ ọ́ lọ. Àmọ́ ta ni yóò kọ ọ́ lórí bí adití ọmọ Yorùbá ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé? Èdè ọwọ́ tí Foster mú wá, Amẹ́ríkà ló ti wá, òun ni wọ́n sì fi kọ́ àwọn adití wa nílé-ẹ̀kọ́. Kí ni adití ń fi ọwọ́ pe àmàlà? Báwo ló ṣe ń fi ọwọ́ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà nínú ọ̀rọ̀? Báwo ni a ó ṣe kọ́ ẹni tí kò gbọ́ ohùn rí ní ìyàtọ̀ igbá àti ìgbà? Yorùbá kò fìgbà kan gbà pé ẹnu nìkan ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ìlù dùndún kò ní ahọ́n, ó ń kì wá. Àwọn baba wa ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn pàrokò ránṣẹ́ láti ìlú sí ìlú, ẹni tó gbà á sì ń lóye rẹ̀ láìsí ẹni tó la ẹnu. Ìran tó pilẹ̀ àrokò ló wá ń sọ pé ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ kò ṣeé kọ́?

Ohun tí à ń béèrè, àti ohun tí a ṣèlérí

Lọ́wọ́ àwọn pírínsípà Ìkirè àti Àpòmù, nǹkan mẹ́ta: kí a yẹ ojú àti etí gbogbo ọmọ JSS1 wò kí táàmù àkọ́kọ́ tó parí, kí a yan olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ yóò hàn sí gbogbo òbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọn yóò tọ̀ wá, kí ẹgba àpèkọ sì dópin.

Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde, ẹ má bínú sí wa. Ọdọọdún lẹ ń kóra jọ, ẹ ń da aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ń kun gééètì ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ sì ń kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì yín sára rẹ̀. Gééètì náà rẹwà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi owó ọ̀dà náà gba àwọn onímọ̀ ojú àti etí wá fún ọjọ́ kan, kí ẹ ra awò fún ọmọ tó bá nílò rẹ̀, kí ẹ da sìmẹ́ǹtì sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì kan kí kẹ̀kẹ́ lè gun orí rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sẹ́ẹ̀tì yín sí ìyẹn náà. A ó pàtẹ́wọ́.

Àwa tí a wà nílé ìwé báyìí, a ti ṣe ìpinnu tiwa. Níbikíbi tí a bá ti wọ kíláàsì láti kọ́ni, ì báà jẹ́ ìgbà àgùnbánirọ̀, a kò ní na ọmọ kankan nítorí àpèkọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni a ó fi mọ ẹni tó ń gbọ́ àti ẹni tó ń ríran. A ó kọ́ èdè ọwọ́ díẹ̀, ó kéré tán ìkíni, orúkọ ẹni àti lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì wa. Tí a bá yẹ̀ lórí èyí, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí bi wá lẹ́jọ́.

Gbogbo ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá ló mọ dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, ni àwọn ìyá wa fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n dín, tó sì di ohun tí a fi ń dá ìlú mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o: ọmọ kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì sí èyí tó bàjẹ́ nínú àwọn ọmọ wa. Àwọn ìyá yẹn là ń tọ́ka sí. Wọn kò yára sọ pé kò wúlò. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kò ju ìyẹn lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ọmọ kan ní olódo, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bí kò bá dáhùn, ẹ rọra rìn lọ sí iwájú rẹ̀, kí ẹ tún un pè.